Rósítà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí fóònù mi dún. Ẹni tó bá ti ṣe olórí wọ́ọ̀dù rí mọ̀ pé ìpè irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í mú ìròyìn ayọ̀ wá. Mo rò pé aláìsàn kan ló kú. Ohùn tí mo gbọ́ rọra jáde bí ohùn ọmọ tó fọ́ àwo: "Mà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Abẹ́rẹ́ gún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi ni. Àbúrò mi ni mo máa pè é nínú ìtàn yìí, torí bí mo ṣe mú un nìyẹn. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan tán, ló bá fẹ́ dá ìdérí abẹ́rẹ́ náà padà. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Èmi gan-an ni mo kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri. Àmọ́ tí oorun bá ti kun ojú, ọwọ́ a máa ṣe ohun tí orí kò rán an. Abẹ́rẹ́ la ìbọ̀wọ́ kọjá, ó wọ àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo bi í ohun tó ti ṣe sí i. Ó ní òun ti fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ní kó má fún ojú ibẹ̀, kó má sì da omi apakòkòrò kankan lé e. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì dákẹ́, torí a mọ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ìyá náà ń lo oògùn HIV.

Oògùn tí a fi ń dènà HIV lẹ́yìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ló ṣe ń gbà á tó. Tí wákàtí 72 bá fi kọjá, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí nìyẹn. Ọjọ́ 28 gbáko sì ni wọ́n fi ń lò ó, láì fo ọjọ́ kan. Mi ò wẹ̀, mi ò fọ ẹnu, mo fi ìró so mọ́dìí, mo gun ọ̀kadà. Kó tó di aago méje, ó ti gbé ìkínní mì lójú mi.

Ìgbà yẹn ni mo bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀ yìí máa ń ràn láti ojú abẹ́rẹ́ ju HIV lọ fíìfíì, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta: ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ti lẹ́yìn oṣù kan, àti ti oṣù kẹfà. Méjì ló wà lórí káàdì rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò gba ẹ̀kẹta?" Ó wolẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó dá mi lóhùn.

"Mà, ọjọ́ yẹn ni mo wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí ibi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, àti bí mo ṣe dá a lóhùn láì gbójú sókè: kò sẹ́ni tó máa di wọ́ọ̀dù mú, abẹ́rẹ́ kò ní sá lọ.

Mo wọ ọ́fíìsì, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo rósítà oṣù náà, ìwé tí a fi ń pín iṣẹ́, lórí ògiri. Lẹ́tà N la fi ń dúró fún iṣẹ́ òru. Níwájú orúkọ rẹ̀, N mẹ́fà tò tẹ̀léra wọn, bírò búlúù, ìkọ̀wé mi. Òru kẹfà ló wà nígbà tí abẹ́rẹ́ gún un. Wákàtí 12 ni òru kan lọ́dọ̀ wa, láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, nọ́ọ̀sì méjì sí bẹ́ẹ̀dì 28.

N óò sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó máa ka èyí wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì méjì ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀kan gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ, èkejì gba Saudi Arabia. Mi ò bú wọn, mo gbàdúrà fún wọn. Ẹnì kan wà nínú ìsinmi ìbímọ. Ilé ìwòsàn ò rán ẹlòmíràn sí wa. Àwọn tó kù ń wá bẹ̀ mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọmọ mi ò gbádùn, ọkọ mi rin ìrìn àjò, bàbá mi wà ní bẹ́ẹ̀dì ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Àbúrò mi yìí kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ, kì í sì í bẹ̀bẹ̀ fún ohunkóhun. Ìgbà kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí, mo ní rárá. Bí mo ṣe sọ ìwà pẹ̀lẹ́ ọmọ ọlọ́mọ di ibi tí mo ń kó gbogbo ẹrù tí kò rí ibi gbà sí nìyẹn.

Àwọn àgbà ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ, kò tíì mọ̀ ni. Títí di ọjọ́ yẹn, mo gbà pé owó iṣẹ́ òru tí wọ́n ń gbà ti tó ìtùnú. Iye rẹ̀ kéré, gbogbo ìlú ló sì mọ̀: nígbà tí NANNM, ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní 30 oṣù Keje ọdún 2025, owó àṣegbà yìí àti gbígba nọ́ọ̀sì kún àwọn tó wà nílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Àmọ́ bí wọ́n tiẹ̀ sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́wàá, kò ní la ojú ẹni tó ti wà lórí ìdúró fún òru mẹ́fà.

Àyẹ̀wò ìyá aláìsàn náà fi hàn pé kò ní hepatitis B. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀. HIV ló kù tí a ń retí. Oògùn náà ń gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀, oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì ń wá síbi iṣẹ́. Mo dá a padà sí iṣẹ́ àárọ̀, mo ń wò ó tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì, oorun kò sì kun ojú mi lóru mọ́. Ẹ̀yìn orí mi ń fọ́ mi. Mo ń pè é ní àárẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wọlé sí wa. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí kò lè tó ọdún 20, gbé ẹ̀rọ BP onírọ́bà, èyí tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, dání, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi yín kọ́ iṣẹ́." Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Ó wé e, ó fẹ́ ẹ, ó fi etí sí i. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó jẹ́ kí atẹ́gùn náà tán pátápátá, ó tún un fẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ ọ̀pá etí kúrò, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ó dà bíi pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí àwa náà máa ń ṣe nìyẹn tí a kò bá fẹ́ kí aláìsàn mọ̀. Mo ní kó sọ iye tó gbọ́. Ó fẹnu kẹ́lẹ́ sọ ọ́: "188 lórí 112."

Mo jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn mi fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní kó wọn ọwọ́ kejì. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èèyàn tí tirẹ̀ bá ń dé 140 lórí 90 lọ́pọ̀ ìgbà ni a máa ń sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo ti sọ ọ́ fún ẹgbàágbèje èèyàn. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, pé ẹlòmíràn kì í ní àmì kankan títí rọpárọsẹ̀ á fi gbé e dè. Rọpárọsẹ̀ ló pa ìyá mi. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ BP wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí n kò ti fi wé apá ara mi.

Dókítà tí mo lọ bá jẹ́ ọmọ tí mo fojú mi rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bi mí léèrè wákàtí mélòó ni mò ń sùn. Mo ní mẹ́rin. Ó bi mí ìgbà tí mo gba ìsinmi ọdọọdún kẹ́yìn. Mi ò lè dá a lóhùn. Ó kọ oògùn oríṣi méjì fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn kù, kí gbogbo iyọ̀ tó ń wọ inú mi lóòjọ́ má kọjá ṣíbí tíì kan. Ó wá sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi: "Mà, tí ẹ bá ṣubú, ta ni wọ́ọ̀dù yín máa wò?"

Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ Florence Nightingale, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òde òní lélẹ̀, wọ́n sì kọ́ wa ní ti Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ́nù ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Orí wa máa ń wú. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ìtàn àwọn obìnrin yìí fún wa, àfi bíi pé àárẹ̀ kì í mú wọn. Ẹnì kankan ò sọ fún mi nígbà náà pé Nightingale kó àìsàn lójú ogun Crimea lọ́dún 1855, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó padà sílé, orí ibùsùn ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní mo ti mọ̀ ni, bóyá mi ò bá má fi àìsinmi ṣe ẹ̀rí pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.

Mo kó àwọn nọ́ọ̀sì mi jọ. Mi ò kọ́kọ́ sọ ti rósítà. Mo sọ iye BP mi fún wọn, mo mú páálí oògùn mi jáde látinú báàgì, mo gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí àbúrò mi lójú gbogbo wọn, mo ní, "Mo jẹ ọ́ ní gbèsè ọjọ́ kan, mo sì tọrọ àforíjì." Wọ́n dákẹ́. Nílẹ̀ wa níbí, àgbà kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé ní gbangba, mo sì mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ rò pé mo ti tẹ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹsẹ̀ òun ti ń wú tí òun bá kúrò ní iṣẹ́ òru, òun ò sọ torí kí n má baà rò pé òun ń sá fún iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde. Ọ̀kan ní òun kì í mu omi láti aago mẹ́jọ alẹ́ torí kò sí ẹni tó máa dúró fún òun tí òun bá lọ tọ̀.

Mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i. Olórí wọ́ọ̀dù kì í ṣe òru, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ṣe é kẹ́yìn. Mo fi orúkọ mi sí òru méjì. Láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin, ara mi tutù nini, mo mú ìgò abẹ́rẹ́ kan, mo ka orúkọ ara rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀, mi ò sì rántí ohun tí mo kà mọ́. Mo kà á nígbà mẹ́ta. Obì àti ohun mímu alágbára wà lábẹ́ tábìlì, òun ni wọ́n fi ń lajú. Àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, páálí omi dírípù ni wọ́n fi gbé e ró. Àga yẹn ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ọjọ́ kan kò sì lọ tí n kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Mo ra ìwé kan. Oṣù méjì gbáko ni a fi kọ ọ́ lójoojúmọ́: aláìsàn mélòó, nọ́ọ̀sì mélòó, àṣìṣe tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, aago tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀. Nightingale náà ló kọ́ mi ní ìyẹn. Iye àwọn sójà tó kú ló kó jọ, tó fi ya àwòrán tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1858, kí àwọn aláṣẹ lè rí i pé àrùn ló ń pa wọ́n ju ọgbẹ́ ogun lọ. Nígbà tí mo gbé ìwé tiwa dé iwájú olórí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì, ó ṣí i, ó kà á pẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹkún ni mo máa ń gbé lọ síbẹ̀, wọ́n á sì ní kí n ní sùúrù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe náà wà lẹ́yìn òru kẹta. Ó yọ nọ́ọ̀sì méjì láti kílíníkì fún wa. Kò tó, àmọ́ ó gbà wá díẹ̀.

A wá fẹnu kò: kò sẹ́ni tó máa ṣe ju òru mẹ́ta lọ léraléra, ọjọ́ ìsinmi méjì ó kéré tán ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà ní òru yóò jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnì kejì á máa ṣọ́nà. A ra àga méjì. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ lọ́dún 2007, wọ́n sì tún un sọ lọ́dún 2019, pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òru wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Mi ò lè pa iṣẹ́ òru rẹ́, torí aláìsàn kì í sùn tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo lè má kó gbogbo rẹ̀ lé orí ẹnì kan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára di ohun tí mò ń kọ sórí rósítà gan-an. Tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni bá pé, ọjọ́ náà ti di tirẹ̀. Ní 12 oṣù Karùn-ún, Àyájọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì, a máa ń gé àkàrà òyìnbó, a máa ń wọ funfun yan káàkiri. A ṣì ń ṣe é. Àmọ́ lọ́dún yẹn a kọ́kọ́ to àga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wọn BP gbogbo nọ́ọ̀sì tó wá. Mẹ́rin nínú wa ló gbọ́ ohun tí wọn kò retí. Ọ̀kan bú sẹ́kún. Mo jókòó tì í, mo sì fi páálí oògùn mi hàn án.

Páálí yẹn ti bá mi dé ibi púpọ̀. Níbi ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́jọ, wọ́n á ní àmín, wọ́n á sì lọ jẹun. Lọ́jọ́ tí mo sọ ti ara mi, ìyá kan tó ń ta ata dìde, ó ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà ń lò ó?" Mo ní, "Lárààárọ̀, mà." Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ fún òun rí, ìgbà tí orí bá ń fọ́ òun nìkan ni òun máa ń lò ó. Mo wí fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró kí orí fọ́, ojoojúmọ́ ni, ara yá o, ara ò yá o. Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn obìnrin tò dé ẹnu géètì láti wọn tiwọn.

Àbúrò mi ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ṣe é ní oṣù kẹta, ó ṣe é ní oṣù kẹfà. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìwé ti oṣù kẹfà náà, ó mú un wá sí ọ́fíìsì mi kó tó pe ìyá rẹ̀. A di mọ́ ara wa, a sì sunkún dáadáa.

Lọ́dún yìí, mo gba ìsinmi mi pé. Òun ni mo fi wọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo wọlé padà, ó ti lẹ rósítà oṣù tuntun mọ́ ògiri. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń rí lójú mi báyìí, mo ń ka N. Kò sí ibi tó kọjá mẹ́ta. Mo wá dé ìlà orúkọ mi. Lọ́jọ́rùú, ọjọ́ tí mo máa lọ rí dókítà, ó ti kọ ìsinmi sí i, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì tọrọ ààyè náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.